Báàgì Ni A Rántí, A Gbàgbé Iná: Ìtàn Ọ̀dá àti Iná Igbó Ọdún 1983

 

Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé kan ní Alímọ̀ṣọ́ níbí tí ẹ ò ní rí báàgì onílà yẹn, aláwọ̀ búlúù tàbí pupa pẹ̀lú funfun, tí a fi ń kó aṣọ àti abọ́. Ghana Must Go. Ọmọ ọdún mẹ́wàá mọ orúkọ rẹ̀. Tí ẹ bá bi í pé kí ló dé tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀, á sọ fún yín pé Nàìjíríà lé àwọn ará Gánà lọ nígbà kan. Ibẹ̀ ni ìtàn máa ń parí sí lẹ́nu wa. Ohun tí a kì í sọ ni pé ní àkókò tí a lé wọn yẹn gan-an, ilé tí a ní kí wọ́n padà sí ń jó lọ́wọ́. A ò fi ṣe àkàwé o. Iná gidi ni à ń wí, iná igbó, tó ń jẹ oko kòkó, oko ẹ̀gẹ́, àká àgbàdo, láti abúlé dé abúlé.

Ìtàn iná yẹn la fẹ́ sọ lónìí. Ó gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ojú ọ̀run. Lọ́dún 1982, òjò tètè dá ní ọ̀pọ̀ ibi ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Òjò àrọ̀kúrò tí àgbẹ̀ máa ń gbọ́kàn lé kò tó nǹkan. Nígbà tí ọyẹ́ wá dé, ó dé tìbínú-tìbínú, kò sì lọ bọ̀rọ̀. Ó yẹ kí òjò àkọ́rọ̀ ti máa rọ̀ lóṣù kẹta 1983, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ṣì gbẹ kanrangídá.

Ọ̀dá kì í ṣe àjèjì sí àwọn tó ń gbé létí aginjù Sàhárà. Láti ìparí àwọn ọdún 1960 ló ti ń bá wọn fínra ní Niger, ní Mali, ní Chad, ní Burkina Faso tí wọ́n ń pè ní Upper Volta nígbà náà. Ọ̀dá ọdún 1972 sí 1973 pa màlúù wọn lọ bẹẹrẹ. Ohun tó yàtọ̀ ní 1983 ni pé ọ̀dá náà kò dúró sí etí aginjù mọ́. Ó sọ̀kalẹ̀ wá sí ilẹ̀ igbó, sọ́dọ̀ àwa tí a máa ń jókòó sábẹ́ igi tútù ká máa káàánú àwọn ará òkè. Eruku tí atẹ́gùn gbé kúrò ní Sàhárà lọ́dún 1983 àti 1984 pọ̀ débi pé ó rékọjá òkun Àtìláńtíìkì lọ bá àwọn ará Barbados. Àwọn onímọ̀ ti ń wọn eruku náà níbẹ̀ láti 1965, wọn ò tíì rí irú èyí rí.

Àkókò kan náà ni omi òkun Pàsífíìkì gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, ohun tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ń pè ní El Niño, ọ̀kan nínú èyí tó lágbára jù lọ ní ọ̀rúndún yẹn. Ní erékùṣù Borneo, igbó tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta ẹ́kítà ló jó. Ní Ọsirélíà, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kejì 1983, tó bọ́ sí Ọjọ́rú Eérú tí àwọn ìjọ àgbà fi ń bẹ̀rẹ̀ àwẹ̀ Lẹ́ńtì, iná pa èèyàn 75 láàárín ọjọ́ kan. Àwọn tó lówó, tó ní mọ́tò panápaná àti bàálù, iná ṣì mú wọn. Ẹ wá ro ti àgbẹ̀ tó jẹ́ pé ewé ọ̀pẹ tútù ló fi ń lu iná.

Ní ilẹ̀ ọ̀dàn, pápá máa ń jó lọ́dọọdún. Àwọn ará Ṣakí àti Ìgbòho mọ̀ ọ́n, ọmọdé ibẹ̀ mọ ìgbà tó yẹ kí májàlà máa já bọ́ sínú ọbẹ̀. Àwọn àgbà sì ti sọ pé oko kì í jó kí májàlà má ròyìn fún ará ilé. Ṣùgbọ́n igbó kìjikìji, igbó tó ń mú kòkó jáde, kì í sábà jó. Ewé tó bá jábọ́ síbẹ̀ máa ń tutù, iná tó bá wọ ibẹ̀ máa ń kú fúnra rẹ̀. Lọ́dún 1983, kò kú. Abẹ́ igi kòkó, ewé gbígbẹ ló máa ń tẹ́ síbẹ̀ bí ẹní. Iná tó ń rìn lórí ewé yẹn lè má ga ju orúnkún lọ, ẹni tó bá rí i lè rò pé kò lè ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n èèpo igi kòkó kò nípọn. Tí iná bá ti lá ìdí rẹ̀ yíká, igi náà á ṣì dúró, ewé rẹ̀ á wà lórí fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà á gbẹ láti òkè wá sísàlẹ̀. Ẹni tó bá tún un gbìn, ó di ọdún mẹ́rin sí márùn-ún kó tó ká èso. Bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún tí oko rẹ̀ bá jó, ẹ bá wa ṣírò ẹ̀.

Ní Gánà, iná jà ní ìpínlẹ̀ Ashanti, ní Brong-Ahafo, ní Eastern, ní Volta. Ìṣirò tí wọ́n máa ń tọ́ka sí jù ni pé ó tó ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún oúnjẹ tó wà lóko àti nínú àká tó bá iná lọ. Ní 1964 sí 1965, kòkó tí Gánà kó jáde lé ní 550,000 tọ́ọ̀nù, kò sí orílẹ̀-èdè tó jù ú lọ láyé. Ní 1983 sí 1984, ó ti já sí bíi 158,000. Lóòótọ́, kì í ṣe iná nìkan ló fa ìyẹn, a máa dé ibẹ̀. Omi adágún Volta fà títí tí ìsédò Akosombo kò fi lè fúnni níná tó mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín iná mànàmáná bí ẹni ń pín oògùn. Ivory Coast náà jó, òun náà pín iná. Àwọn oko kòkó tiwa ní ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Ọ̀yọ́ ti ìgbà náà kò bọ́ níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ó yẹ ká sọ ohun tí kòkó jẹ́ fún àwa gan-an ní ìhà ibí yìí, torí àwọn ọmọ wa rò pé Alímọ̀ṣọ́ àti Agége kò mọ̀ ju títì àti ilé lọ. Nǹkan bí ọdún 1879 ni Tetteh Quarshie gbé èso kòkó láti Fernando Po lọ sí Mampong ní Gánà. Àkókò yẹn kan náà, nǹkan bí 1880, ni Kápútéènì J.P.L. Davies, gbajúmọ̀ oníṣòwò àti ọmọ ìjọ l'Èkó, gbin kòkó tirẹ̀ sí Ijọ̀n, ní ìhà Agége. Lẹ́yìn rẹ̀ ni J.K. Coker, ọ̀kan nínú àwọn òpó tó gbé ìjọ African Church dúró láti 1901, sọ Ìfàkọ̀ ní Agége di oko ńlá. Àwọn lébìrà tó wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbin kòkó, wọ́n gbọ́ ìwàásù, wọ́n gbé méjèèjì lọ sílé. Ìyẹn ni pé kòkó àti ìhìnrere jọ rìn lójú ọ̀nà kan náà ni. Ẹni tó bá wo iná 1983 bí ọ̀ràn àwọn ará oko lásán, kò mọ ibi tí owó ilé ìwé bàbá rẹ̀ ti wá.

Ta ló dá iná yẹn?

Àwa oníwàásù, tí ọ̀dá bá ti dé, orí Áhábù àti Èlíjà la máa ń sáré lọ, pé ẹ̀ṣẹ̀ ìlú ló ti ọ̀run pa. A ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí òjò. Òjò, ọwọ́ Ọlọ́run ló wà. Ṣùgbọ́n iná ńkọ́? Nínú ìwé Ẹ́kísódù, orí kejìlélógún, ẹsẹ kẹfà, òfin kan wà tí a kì í fi wàásù. Ó ní bí iná bá ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnìkan, tó mú ẹ̀gún, tó jó ọkà ẹlòmíràn, ẹni tó dá iná yẹn gbọ́dọ̀ san án padà. Ẹ wo ibi tí Mósè kọ ọ́ sí. Kò sí láàárín àwọn ìyọnu Íjíbítì. Àárín òfin olè jíjà àti òfin ohun tí a fi pa mọ́ sọ́wọ́ ẹni ló wà. Iná oko, gbèsè ni Bíbélì pè é.

Bó sì ṣe rí ní 1983 nìyẹn. Mànàmáná kọ́ ló ń dá iná igbó ní ẹ̀ẹ̀rùn níhìn-ín, torí òjò ló ń bá mànàmáná rìn. Ọdẹ tó ń wá ọ̀yà ló ń tiná bọ pápá kí ẹran lè sá jáde. Àgbẹ̀ tó ṣán oko ló ń sun ún, tó rò pé iná á dúró sí ààlà bó ti máa ń dúró lọ́dọọdún. Ẹni tó ń dá ẹmu lára ọ̀pẹ tó ti wó, tó ń fi iná rà á nídìí. Ẹni tó ń fi èéfín lé oyin kúrò nínú afárá. Ẹni tó ju ìdí sìgá sílẹ̀. Gbogbo wọn ń ṣe ohun tí bàbá wọn ṣe. Ilẹ̀ ló ti yí padà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ìjọba Gánà pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí ọdún 1983 yẹn ni wọ́n ṣòfin tó ká iná igbó lọ́wọ́ kò, wọ́n sì tún un ṣe ní 1990.

Ẹ wo Ìgàndó wa. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, ààtàn ńlá Solous máa ń gbiná, èéfín rẹ̀ á wọ ilé, á wọ ilé ìwé, á bá aláìsàn lórí ibùsùn. Àwọn kan ti wá bá wa pé ká wá dá iná ẹ̀mí òkùnkùn yẹn dúró. A gbàdúrà o, a ò ní parọ́. Lẹ́yìn àdúrà la béèrè lọ́wọ́ àwọn ará pé ta ló da pàǹtí sun lẹ́yìn ilé láàárọ̀ yìí, ọwọ́ tó nà sókè ju mẹ́wàá lọ. Inú wa dùn pé wọn ò purọ́ nínú ilé Ọlọ́run.

Ṣùgbọ́n ìṣáná kan kò lè jó odidi ẹkùn tí kò bá rí ohun tó máa jẹ. Ibí yìí gan-an ni ìtàn náà ti kàn wá.

Ewé kan wà tí ẹ mọ̀ dáadáa, ó wà lẹ́bàá títì, ó wà lórí ilẹ̀ tí wọn ò tíì kọ́lé sí. Ewé Akíntọ́lá. Àwọn míràn ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀, ó sinmi lórí ẹgbẹ́ òṣèlú tí bàbá yín ń ṣe. Ní Gánà, Acheampong ni wọ́n ń pè é, orúkọ ọ̀gágun tó ṣèjọba wọn nígbà tó ń gbilẹ̀ níbẹ̀. Ó jọ pé Áfíríkà gbà pé ohun tó bá ń tàn kálẹ̀ láìjẹ́ pé a pè é, òṣèlú ni. Láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá. Oko tí wọn ò bá ro, òun ló kọ́kọ́ ń gbà á. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, igi rẹ̀ á gbẹ, á dúró gátagàta bí ìdì igi ìdáná. Tí iná bá kàn án, ó ń jó bí ẹni da kẹrosíìnì sí i.

Kí ló dé tí oko kòkó Gánà fi kún fún Acheampong? Torí àwọn tó ń ro ó ti lọ.

Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ọ̀jọ̀gbọ́n Kofi Busia kéde pé àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ fi Gánà sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn Yorùbá ló pọ̀ gan-an nínú àwọn tó kó ẹrù: ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Èjìgbò, ará Ọ̀fà, ará Inísà, àwọn tó ti ń tajà ní Kumasi àti Tamale láti ìgbà bàbá wọn. Ilé ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Gánà, àwọn oníṣòwò Yorùbá ló gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ ró láti nǹkan bí 1918; nígbà tí wọ́n lọ, àga kàn ṣófo ní ọ̀pọ̀ ilé ìsìn ni. Ìyẹn la máa ń rántí, torí ó dùn wá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oníṣòwò nìkan ló lọ. Àwọn lébìrà láti Upper Volta, láti Niger, láti Tógò, tó ń ṣán abẹ́ kòkó, lọ pẹ̀lú. Oko kòkó tí wọn ò bá ṣán lọ́dún méjì, ẹ ti mọ ewé tó máa gbà á.

Ohun tó kù, owó ló ṣe é. Owó tí ìjọba ń san fún àgbẹ̀ kòkó ní Gánà kéré títí tí àwọn ọ̀dọ́ fi sọ àdá nù. Epo rọ̀bì ti dé ní Nàìjíríà, náírà lágbára, Èkó ń kọ́ afárá, ń kọ́ ẹ́sítéètì. Ní 1979, àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹgbẹ́ UPN ń ṣàkóso, Èkó ti Jakande wà lára wọn, kéde ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, wọ́n sì nílò tíṣà lójú ẹsẹ̀. Àwọn ará Gánà wá. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, tíṣà ará Gánà ló kọ́ wa ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Àwọn ló ń tún bàtà ṣe, àwọn ló ń kan ilẹ̀kùn, àwọn ló ń rẹ́ ilé. Bàbá arúgbó ló kù lóko ní Ashanti, nínú kòkó tí koríko ti bò mọ́lẹ̀. Nígbà tí iná dé, kò sí ọ̀dọ́ tó máa gé ààlà iná.

Ẹ̀yin ará, ẹ wá wo ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní 1983, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nínú ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari, Alhaji Ali Baba, kéde pé àlejò tí kò ní ìwé gbọ́dọ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì, bíi ti Busia gẹ́lẹ́. Owó epo ti já wálẹ̀, ìdìbò ń bọ̀ lóṣù kẹjọ, wọ́n ní àlejò ló ń jalè, àlejò ló ń gba iṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù yẹn, ilé gogoro ìbánisọ̀rọ̀ tó wà ní Marina gbiná, ìdajì Èkó wo èéfín rẹ̀. Ìlú gbóná láti ọ̀run dé ilẹ̀.

Àwọn tó jáde lé ní mílíọ̀nù kan, ará Gánà ló pọ̀ jù. Gánà fúnra rẹ̀ ti ti ẹnubodè òun àti Tógò pa láti oṣù kẹsàn-án 1982. Nígbà tí Tógò rí i pé wọn ò ní lè kọjá, òun náà tilẹ̀kùn. Benin tì tirẹ̀. Báyìí ni èrò ṣe há sí Sèmè, tí wọ́n há sí èbúté l'Èkó, nínú ọyẹ́ yẹn, nínú eruku yẹn, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti báàgì lórí. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n ni Rawlings tó ṣí ẹnubodè, tí ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra.

Ibi tí wọ́n sì dé la ti sọ. Orílẹ̀-èdè tó jẹ́ èèyàn bíi mílíọ̀nù méjìlá gba nǹkan bíi mílíọ̀nù kan lẹ́ẹ̀kan náà, nínú ọ̀dá, nígbà tí àká ń jó. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé wọ́n gbà wọ́n. Wọn ò kó wọn sí àgọ́ fún ọdún gbọọrọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n ti fi mọ́tò pín wọn lọ sí abúlé wọn, ẹbí sì gbà wọ́n sílé láìní oúnjẹ tó tó. Àwọn ọ̀dọ́ tí oko ti ń retí láti ọdún mẹ́wàá dé nígbà tí kò sí oko mọ́. Ìyàn mú. Eegun ọrùn èèyàn yọ síta, àwọn ará Gánà sì fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní ẹ̀gbà ọrùn Rawlings. Ẹni tí ebi ń pa tó ṣì ń ṣe ẹ̀fẹ̀, ẹ má ṣe fojú kékeré wo ìgbàgbọ́ rẹ̀. Àwọn tó kọ ìtàn ìjọ níbẹ̀ sì ń tọ́ka sí àwọn ọdún yẹn pé ìgbà náà ni ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì gbilẹ̀ jù. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Gánà tó ń wàásù káàkiri ayé lónìí, inú ìyàn yẹn ni wọ́n ti dàgbà.

Òjò padà lọ́dún 1984. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Brong-Ahafo kò gbin kòkó mọ́, wọ́n gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, torí ebi kì í dúró de ọdún márùn-ún. Àwọn míràn ṣí lọ sí igbó ìwọ̀-oòrùn, lọ́hùn-ún ní ilẹ̀ Sefwi, láti bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Níbí, ọ̀pọ̀ ilé ìwé wá tíṣà ìṣirò títí, wọn ò rí. Àwọn kan nínú àwọn tí a lé yọ́ padà wá, torí iṣẹ́ wà níbí, wọ́n sì ní ọ̀rẹ́ níbí. Shagari tó lé wọn ti lọ nígbà náà, àwọn sójà ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1983.

Lọ́dún 1985, ìjọba ológun tún ní kí àwọn àlejò máa lọ. Wọ́n tún gbé báàgì yẹn, wọ́n tún gba Sèmè.